Ẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Bẹ̀ Níwájú Adájọ́

Ọ̀rọ̀ ogunléndé ti sú mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu mi jáde, torí àwọn tó ń sá kiri gan-an ló yẹ kó rẹ̀, kì í ṣe èmi tí mo ní ilẹ̀kùn tí mò ń tì sùn. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, bí mo bá ti wọ gbàká, ọkọ̀ èrò wa, ní Abobo pé kí n lọ ṣí ìsọ̀ mi ní Adjamé, rédíò awakọ̀ á ti máa pariwo. Ẹnì kan á pe ilé iṣẹ́ rédíò, á ní kí ìjọba dá gbogbo wọn padà, pé àwọn ló ń kó olè àti apànìyàn wọ̀lú. Ẹlòmíràn á ní ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ ní Burkina, ibo lẹ fẹ́ kó gbà? Ẹ̀kẹta á ní ká fi í sílẹ̀ fún adájọ́. Ẹ̀kẹrin á ní adájọ́ wo, àwọn adájọ́ tó ń tú wọn sílẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń lé wọn lọ́la? Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ á wá pín sí méjì, a ó máa bá ara wa jà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi wá. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, orí á ti máa fọ́ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì ta ìkòkò kan.

Ìkòkò ni mò ń tà, àti abọ́ tánganran. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìgbòho ni àwọn òbí mi ti wá. Ọmọ Ìgbòho náà ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kú, mi ò kó kúrò nínú àgbàlá ẹ̀gbọ́n wọn tí a jọ ń gbé ní Abobo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ni gbogbo àgbàlá ń pè ní Bàbá, ẹni tó ń sọ Yorùbá àti ẹni tí kò gbọ́ ọ rárá. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Obì ni wọ́n tà ní Anyama títí eékún fi kọ iṣẹ́ fún wọn, inú obì náà ni wọ́n ti kọ́ ilé tí a ń gbé.

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá, Bàbá ló ń parí rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà parí gbogbo ìjà. Ẹni tó jẹ̀bi á bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò jẹ̀bi náà á bẹ̀bẹ̀. Bàbá gan-an, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, á wá bá àwọn méjèèjì bẹ ara wọn. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kan nà án títí ara rẹ̀ fi lé. Mo ti so gèlè mi mọ́ ìbàdí, mò ń lọ fa tíṣà ọ̀hún ya, ni Bàbá bá ní kí n jókòó. Wọ́n wọ aṣọ ńlá, wọ́n di obì dání, wọ́n lọ bẹ ẹni tó na ọmọ wa nítorí ọmọ tí wọ́n nà. Inú bí mi débi pé mi ò kí wọn fún odidi ọjọ́ kan, èyí tí ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n tíṣà náà ò tún fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́ títí ó fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó tún máa ń bi í léèrè pé Bàbá ńkọ́.

Inú àgbàlá yìí ni obìnrin kan láti àríwá Burkina wá gba yàrá sí, òun àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Wọ́n pa ọkọ rẹ̀ ní abúlé wọn lójú gbogbo ará ọjà, ó sì gbé àwọn ọmọ sá. Ọṣẹ kàbàkúrú ló ń ṣe, ọṣẹ roboto tí àwọn èèyàn fi ń fọṣọ, ó sì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Ìyá Ọlọ́ṣẹ là ń pè é. Èdè Jùlá ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, èdè tí gbogbo wa gbọ́ ní ọjà. Ó ti bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sá di ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí gan-an máa ń múnú bí mi nígbà mìíràn, torí bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ nídìí ẹ̀rọ omi, èmi ni mo máa ń bá a pariwo.

Kì í ṣe gbogbo wa la fẹ́ ẹ níbẹ̀. Awakọ̀ gbàká kan wà ní yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ó máa ń sọ fún mi pé, “Tantie, y a fohi, mais chacun chez lui.” Ohun tó ń sọ ni pé òun ò ní nǹkan kan sí obìnrin náà, ṣùgbọ́n kí oníkálukú jókòó sí ìlú rẹ̀. Bàbá bàbá tirẹ̀ wá láti Mali láti wá ṣiṣẹ́ lóko kòkó. Nígbà tí mo rán an létí, ó ní ìyẹn ti pẹ́. Síbẹ̀, awakọ̀ yìí kan náà ló ń fi gbàká rẹ̀ gbé àwọn ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ sílé ìwé nígbà òjò, tí kì í gba kọ́bọ̀. Mo ti ṣíwọ́ láti máa wá ìdí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára èèyàn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àbúrò ọkọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ wá sí àgbàlá. Ó wá sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n sunkún, ó jẹun, ó bá Bàbá kírun, ó sì lọ kí oòrùn tó wọ̀. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà, èmi ni mo bu omi fún un. Nígbà tó ṣe, ọlọ́pàá mú ọkùnrin yìí ní ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ní ó ń gbé epo bẹntiróòlù lọ fún àwọn apànìyàn inú igbó. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, mi ò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọlọ́pàá wá sí àgbàlá wa. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ọkùnrin náà máa ń wá sùn lọ́dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, pé obìnrin náà ló ń gbé e pa mọ́. Mi ò mọ ẹni tó lọ sọ ọ́, mi ò sì wádìí rẹ̀, torí bí mo bá mọ̀ ọ́n, mi ò ní lè máa bá a fa omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà.

Wọ́n mú Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ, wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní kó lọ máa retí ọjọ́ tí yóò kojú adájọ́. Bí adájọ́ bá gbà pé ó gbé ọkùnrin náà pa mọ́, ọ̀rọ̀ ibi ìsádi tó ń bẹ̀ fún ti parí nìyẹn. Wọn yóò dá a padà sí ẹnubodè, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, sí ọwọ́ àwọn tó pa ọkọ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, tó ti wà ní yunifásítì ní Cocody báyìí, ló bá wa wá agbẹjọ́rò kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ojú rẹ̀ mọ́, tó sì ń yára sọ̀rọ̀. Ó wá sí àgbàlá, ó bi gbogbo wa ní ìbéèrè, ó sì rí i pé ọ̀dọ̀ Bàbá ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá ni onílé. Bàbá ló ń fi ọwọ́ ara wọn ti géètì ní alaalẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, abẹ́ ìrọ̀rí wọn ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn. Bí àlejò bá sùn nínú àgbàlá, kò sí bí wọn ò ṣe ní mọ̀. Agbẹjọ́rò ní ohun tí òun fẹ́ kí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ: èmi ni mò ń ti géètì, àlejò kankan ò sùn níbẹ̀. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tirẹ̀ tó máa ń kọsẹ̀. Bàbá tún un sọ dáadáa. Ó dá agbẹjọ́rò lójú pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i.

Bàbá wá bi í pé ibo ni adájọ́ ń gbé.

Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí agbẹjọ́rò bá àwọn wá ẹni tó mọ ẹbí adájọ́, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń kírun, kí àwọn àgbà Ìgbòho lè lọ kí i nílé kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Ọmọbìnrin náà la ojú sílẹ̀. “Papa, surtout pas!” Ó ní ẹ má dán an wò, wọ́n á ní a fẹ́ fún adájọ́ ní rìbá. Bàbá wo obì tó wà lórí tábìlì wọn, wọ́n wo èmi. “Ṣé obì ni rìbá?” Wọ́n fi ọwọ́ ti obì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rò pé ó tán síbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, a jókòó láti àárọ̀ kí wọ́n tó pe ọ̀rọ̀ wa. Ooru mú, fáànù kan ń yí lókè bí ẹni tí wọ́n fipá mú ṣiṣẹ́. Adájọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú lójú mi. Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ó ń bọ́ jígí ojú rẹ̀ kó lè nu ojú, ó sì hàn pé ó ti rẹ òun náà. Agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀, ó ní ilẹ̀ yìí láàánú ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń túmọ̀ Jùlá rẹ̀ sí Faransé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kò sunkún, kò gbóhùn sókè. Mo rí i tí adájọ́ ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Maman, ça va aller,” pé ó máa dáa.

Wọ́n wá pe Bàbá.

Bàbá wọ agbádá wọn tí a lọ̀ tó le gbagidi. Wọ́n rìn dé iwájú, wọ́n ṣí fìlà. Adájọ́ ò tíì béèrè ohunkóhun tí Bàbá fi ká agbádá sókè, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, àyà nílẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn. Ọlọ́pàá méjì sáré wá, wọ́n rò pé Bàbá dákú ni.

“Sabari,” ni Bàbá ń sọ, èyí tí àwọn Jùlá fi ń bẹ èèyàn. “Sabari, adájọ́. Ẹ wo ojú Ọlọ́run, ẹ dárí jì í. Ohun yòówù tó bá ṣe, kò ní ṣe é mọ́. Ẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹnì kan, èmi tí mo ni ilé ni kí ẹ fi jẹ.”

Ògbufọ̀ túmọ̀ Jùlá wọn bó ṣe rí, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Adájọ́ tẹ ara rẹ̀ síwájú, ó ní kí wọ́n gbé Bàbá dìde. Ó bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, kí ni ohun tí obìnrin yìí ṣe, tí kò ní ṣe mọ́?

Bàbá dorí kodò. “Adájọ́, èmi kì í ṣe ẹni tó lè bá yín jiyàn. Ohun tí ẹ bá ní ó ṣe náà ni.”

Mo wo agbẹjọ́rò wa. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dìde, ó bi Bàbá nípa géètì, Bàbá sì dáhùn dáadáa: àwọn ló ń tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ wọn, àlejò kankan ò sùn níbẹ̀ rí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò ní ìbéèrè kankan fún bàbá àgbàlagbà yìí. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Adájọ́ dájọ́ pé kí wọ́n dá Ìyá Ọlọ́ṣẹ padà sí Burkina. Ó mẹ́nu kan onílé tó ti tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ náà kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Agbẹjọ́rò wa ní òun á gbé ẹjọ́ lọ sókè, ṣùgbọ́n pé bó ti wù kó rí, ìyẹn ò ní dá lílọ náà dúró. Ó sọ ọ́ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ nígbà mẹ́ta, nítorí obìnrin náà kàn ń mi orí ni, kò béèrè ohunkóhun.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi bú sẹ́kún, ó sì kọjú sí Bàbá. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ sí Bàbá báyẹn rí. “Pourquoi, Bàbá? Nítorí kí ni? Wọn ò bi yín ní ìyẹn! Kò ṣe nǹkan kan, ẹ wá ń ní kí wọ́n dárí jì í!”

Mo ní kó dákẹ́. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n jókòó, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

“A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,” ni wọ́n wí. “Mi ò fẹ́ kó bá ìjọba jà. Ẹni bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.”

“Mais kò jẹ̀bi!”

“Ṣé ẹni tó bá jẹ̀bi nìkan ni wọ́n ń lé?”

Bàbá wá sọ ohun tí èmi tí mo ti ń gbé ilé wọn láti ìgbà tí mo ti wà níyàwó kò gbọ́ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ní Kùmásí nígbà tí Gáánà lé àwọn Yorùbá. Sójà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Aládùúgbò wọn, ọkùnrin tó mọ̀wé, dúró, ó ń ka òfin fún sójà náà, pé òun ní ẹ̀tọ́, pé òun ò rú òfin kankan. Wọ́n lù ú, wọ́n sì fọ́ gbogbo ẹrù rẹ̀. Bàbá tó bí Bàbá kò rú òfin kankan náà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ní kí sójà dárí ji àwọn. Sójà ní kí wọ́n dìde, ó sì bá wọn gbé ìyá wọn tó lóyún sínú ọkọ̀.

“Oyún yẹn ni ọkọ rẹ,” ni Bàbá sọ fún mi.

Inú ti bí mi sí wọn láti ilé ẹjọ́, àánú wọn wá ń ṣe mí. Ọmọ mi nu ojú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó padà sí Cocody láìjẹun. Kò gbà pé Bàbá ṣe dáadáa, títí dòní kò gbà. Èmi náà ò gbà. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá dúró sí ẹnu ọ̀nà mi lọ́la, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òfin ni mo máa kà fún un.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé orí rédíò. Mo wà nínú gbàká láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan ní, ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún nítorí ogunléndé, ẹ ò gbọ́ ti obìnrin kan ní Abobo? Onílé rẹ̀ gan-an dọ̀bálẹ̀ níwájú adájọ́, ó jẹ́wọ́. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ní òótọ́ ni. Mo ní, “Kò jẹ́wọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ ni.” Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Mo la ẹnu, mo rí i pé ó máa gùn, pé a ti ń dé Adjamé, pé bí mo bá sọ ọ́ tán, kò ní gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn ní kí Ánàgó gbẹ́nu dákẹ́, àbí òun náà fẹ́ kí wọ́n dá òun padà ni? Ánàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ ta ìkòkò.

Bàbá ò jókòó sẹ́nu géètì mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Obìnrin méjì fa ara wọn láṣọ ya nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n sáré wá bá Bàbá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bàbá ní kí wọ́n lọ bá ẹlòmíràn. Awakọ̀ gbàká ló wá là wọ́n, kò sì mọ̀ ọ́n là, ìjà náà dọ̀la.

Láàárọ̀ tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ fẹ́ lọ, awakọ̀ náà ló ń bá a gbé ẹrù sínú gbàká, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní ìkòkò kan. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fún un. Ó dúpẹ́, ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá. Mo tẹ̀ lé e, torí ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ sọ ohun tí kò ní ṣeé gbé kúrò lọ́kàn àgbàlagbà.

Bàbá jáde. Bí wọ́n ṣe rí i lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ tiwọn, eékún ò gbà. Wọ́n di ara ògiri mú. “Ọmọ mi, sabari,” ni wọ́n ń wí, “èmi ni mo ba tìẹ jẹ́.”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ mi orí. Ó ní, “Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n pa ọkọ mi, ọjọ́ ọjà ni. Gbogbo abúlé ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó ní sabari.”

Ó mú ọwọ́ Bàbá, ó gbé e lé orí ọmọ àkọ́kọ́, ó tún gbé e lé orí èkejì, pé kí wọ́n súre fún wọn. Bàbá la ẹnu láti ṣàdúrà, ohùn ò jáde. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dúró títí ètè wọn fi ṣíwọ́ mímì. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ní àmín, wọ́n sì dìde.